Ọ̀rọ̀ Tó Fi Sílẹ̀ ní Ifọ

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti Mowe tí mò ń gbé títí dé Ifọ, ńṣe ni gbogbo ilé funfun bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n, tí ojú mi náà ń ṣe bàìbàì bíi ti ẹni tí oorun ò tíì dá tán.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà sọ tinú wọn. Ọmọbìnrin kan láti Òkè-Aró ni mo mú dání, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Káàdì tó ní àwòrán lọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀: bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á fún ọ ní àwòrán ife omi. Ọ̀gá ilé ìwé ìjọba àdúgbò wọn ní òun ò lè gbà á láìjẹ́ pé kánsù pàṣẹ. La bá wá bá ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kánsù ní Ifọ, ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣòfin tó máa ṣílẹ̀kùn fún òun àti irú rẹ̀.

Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀, mo rojọ́ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. "Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ ni káàdì yìí o. Bó bá ti fún yín, kíá lẹ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kó lè mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun." Fáànù ń rọra yí lókè. Alága, bàbá àgbàlagbà kan, ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ ni àbí ó ń tòògbé.

Lọmọ bá dìde. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó fi káàdì kan sọ́wọ́ bàbá náà. Àwòrán ilé ni.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ní kó jókòó jàre. A ò tíì débì kankan."

Ìyá rẹ̀ fà mí láṣọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lọ. Ilé ìwé àdúgbò wa nìkan ló kù." Yéè! Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ló ní kí wọ́n dá a lóhùn kíá; ta ni mo fẹ́ máa tàn jẹ? Mo gbé báàgì mi. "Ẹ má bínú, sà. Ó ti sọ̀rọ̀."

Ìyá ọmọ ń sunkún bá a ṣe ń lọ nínú ọyẹ́. A ti dé ẹnu géètì nígbà tí mo gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn wa; mo rò pé mò ń lálàá ni. Alága ni, ó ń mí hẹlẹ.

"Ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na káàdì náà sí i. Ọmọ gbà á, ó wò ó, ó tún fi lé e lọ́wọ́.

"Mo ti gbọ́, ìyá mi," ni bàbá wí fún ọmọ náà. "Máa lọlé."

Ó wá kọjú sí wa. "Lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú un padà wá. Òun la máa kọ́kọ́ gbọ́ ká tó kọ òfin yẹn."