Igun dé Igun

Ogójì ọdún ni Bàbá Káfíńtà ti ń kan pákó mọ́ pákó, kò sì sẹ́ni tó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ rí. Ìdí nìyí tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ní kó wá bá òun tún pálọ̀ ṣe: kí tẹlifíṣọ̀n tuntun ní ilé tirẹ̀ lára ògiri, kí sípíkà ríbi jókòó, kí àwọn wáyà tó ń rá pálá nílẹ̀ sì fara pamọ́. Ìyá ìyàwó náà ń bọ̀ wá kí i, yóò sì sùn mọ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ṣì wà nínú páálí. Ìyàwó ọmọ mú ọ̀bẹ wá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tú u, kẹ́ ẹ lè wọ̀n ọ́n."

"Wọn kí ni? Ṣé o ò rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí ni? Ínǹṣì márùndínlọ́gọ́ta. Ṣé kí n tún máa wọn ohun tí wọ́n ti wọ̀n?"

"Mo kàn ní..."

"Ìyàwó mi, lọ gbọ́ tìẹ. Iṣẹ́ mi nìyí."

Pákó mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin. Àyè tó gé fún tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kó lè ríbi mí díẹ̀. Ó ṣe pẹpẹ sípíkà sókè, ó lu ihò tí wáyà yóò gbà, ó ha gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Ìyá ìyàwó dé lọ́jọ́ karùn-ún. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé tẹlifíṣọ̀n sáyè, ó sì dà bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Ínǹṣì mẹ́rin ṣófo lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, gbogbo wáyà sì yọjú síta.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, Bàbá Káfíńtà ti kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ti fi kékeré rẹ́ ọ jẹ! Fóònù lo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àbí?"

"Bàbá, mo wò ó dáadáa."

"O wo kí ni? Bí wọ́n bá fi ìwọ gan-an kún ọjà tà, o ò ní mọ̀!"

Níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá náà wolẹ̀.

Bàbá Káfíńtà pe ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n náà lórí fóònù, ó jágbe mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dé, téèpù lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ bínú. Ó fi ẹnu téèpù kan igun òkè lápá òsì, ó fà á wá sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ kà á."

Márùndínlọ́gọ́ta géérégé.

"Igun dé igun la fi ń wọn tẹlifíṣọ̀n, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ṣebí ẹ̀yin káfíńtà náà ń wọn igun dé igun?"

Ooru mú un láti ọrùn dé etí. Òun tí kì í kan férémù kankan láìwọn igun dé igun, kó lè mọ̀ bóyá ó gún! Ó rọra bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ń pọ́n ayùn tó ti mú tẹ́lẹ̀.

Ínǹṣì mẹ́rin-mẹ́rin ò tó nǹkan. Pákó kan ṣoṣo á di pẹpẹ tóóró méjì, rìmóòtù lọ́tùn-ún, fọ́tò lósì, wáyà á sì bò. Iṣẹ́ wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kò sí ìṣó tó lè kàn án padà. Ó gbọ́ tí ìyá ìyàwó ń palẹ̀ mọ́ nínú ilé, ẹni tó yẹ kó sùn mọ́jú. Bó bá lọ báyìí, ohun tí yóò gbé délé ni pé wọ́n fi ọmọ òun wọ́lẹ̀ lójú òun, ẹni tó jẹ̀bi sì ń pọ́n ayùn.

Ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì ti wà léjìká ìyá náà.

"Ìyá ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́." "Ọmọ yín ní kí n wọ̀n ọ́n. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́. Ìyàwó mi, èmi ni mo ṣì í, mo tún wá dá ọ lẹ́bi níwájú ìyá rẹ. Má bínú."

Ìyàwó ọmọ kúnlẹ̀ wéré. "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí!"

"Dìde jàre. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó kúnlẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wo bàbá náà títí, ó wá sọ báàgì kalẹ̀. "Ẹ kúkú parí ẹ̀ lójú mi."

Kí Bàbá Káfíńtà tó gé pákó, ìyàwó ọmọ gbé fọ́tò tó fẹ́ fi sórí pẹpẹ wá. "Bàbá, ẹ bá mi wọn èyí ná."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó wọn ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó wọn òkè délẹ̀, ó tún wọn igun dé igun, kò sì gbójú sókè.