Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ni Wọ́n Tọ́jú

Ìyá Ìmọ́tótó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí bẹ́ẹ̀dì kan nílé ìwòsàn kékeré tó ti ń gbá láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ibà ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ó pa á. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó pa á gan-an, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọwọ́ èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala mi yìí nínú ìwé ìròyìn mọ̀ mí. Èmi ni mo fi odidi ojú ìwé kan bú ẹni tó kọ "ìlera" sára pátákó láìfi àmì ohùn sí i. Ó lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́rin tí àwọn olùwádìí kan dé, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan lè dènà ibà lára àwọn obìnrin tó ti ní àrùn kògbóògùn. Ta ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn fún pé kó tú u sí Yorùbá? Ọ̀gá èdè náà ni. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi, nínú gíláàsì. Mo máa ń nù ún.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní wọn yóò kó ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà pamọ́ fún àyẹ̀wò. "Kó pamọ́" kò dùn létí mi, ó jọ ọ̀rọ̀ olè. Mo kọ ọ́ pé, "A ó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yín." Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Ó ní ó dáa, ṣé kí òun gbé oúnjẹ wá.

Èmi náà ni mo ka ìwé ọ̀hún fáwọn obìnrin méjìlélógójì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ka. Ìyá Ìmọ́tótó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Akọ̀wé, ìtọ́jú tẹ́ ẹ kọ síbí yìí, ṣé títí ni?"

Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò kó sínú fìríìsà ló ń bi mí. Ọkọ̀ wa sì ti ń fọn fèrè. Mo ní, "Títí ni, Mà." Ó tẹ̀ka, gbogbo àwọn yòókù sì tẹ̀ka tẹ̀lé e. Ẹyin lọ̀rọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi fọ́ sórí ẹlòmíràn.

Ìwádìí náà yọrí sí rere. Oògùn méjèèjì tí ọkọ̀ wọn ń gbé wá ṣiṣẹ́, ti ibà tí wọ́n ń dán wò àti ti kògbóògùn tí wọ́n ń fún wọn mọ́ ọn. Ìyá Ìmọ́tótó sanra, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun àti ikùn mi jọ ń díje. Wọ́n kọ àbájáde tán, ọkọ̀ oògùn ò sì wá mọ́. Iléeṣẹ́ ìlera ní àwọn olùwádìí ò fa iṣẹ́ lé àwọn lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí ní àwọn fà á lé wọn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń bára wọn fà á, tí nǹkan kan ò bọ́ sẹ́nu aláìsàn.

Fìríìsà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ó ń kùn, jẹnẹrétọ̀ méjì ló ń ṣọ́ ọ. Ìyá yìí ló ń nù ún láràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ mú ìwé náà wá, pé wọ́n ní àwọn á tọ́jú òun. Nọ́ọ̀sì kà á fún un jẹ́jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n kọ, Mà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ní kí n kọ èyí kí n sá má dárúkọ òun, sọ fún mi pé ìyá òun fi ìka kan ojú ibi tó ti tẹ̀ka.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Akọ̀wé ò lè purọ́ fún mi. Ẹ tún un kà."

Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kògbóògùn la sọ àrùn yìí, èmi ọ̀gá èdè ò sì bá orúkọ náà jà rí. Irọ́ ni. Odidi ọdún mẹ́rin ló fi gbọ́ oògùn. Ta ni kò gbọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin iléeṣẹ́ ìlera àti ẹ̀yin olùwádìí, tí nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà mẹ́fà sí nígbà tí oògùn ò wá mọ́? Ṣé kì í ṣe èmi, tó gbọ́ ìbéèrè obìnrin náà dáadáa, tí mo sì dáhùn òmíràn?

Mo ti já ìwé ẹ̀rí lára ògiri. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún wa, lórúkọ, ẹni tó ní kí ọkọ̀ oògùn dúró, kó sì wá sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lójú àwọn tó tẹ̀ka. Obìnrin mọ́kànlélógójì ló kù. Ẹ gbé oògùn wọn wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ tọ́jú wọn. Ẹ má sì wá ògbufọ̀ fún gbólóhùn yẹn, ẹ ti rí ohun tí ògbufọ̀ ṣe.