Ẹran Ẹlẹ́sẹ̀ Oníka Mẹ́ta Inú Kòtò Amọ̀

Ràbíátù Àṣàkẹ́, àbúrò mi, ọmọ Sàlámátù amọ̀kòkò Òkèlele, ọmọ a-fọwọ́-kan-amọ̀-kó-dìde, ọmọ a-sunkòkò-má-jẹ̀ẹ́-kó-sán, adúmáadán tí í rẹ́rìn-ín kí ẹlẹ́rìn-ín tó dé. Òun ló lọ. Èmi ẹ̀gbọ́n ló kù.

Láàárọ̀ yìí, òjò rọ̀ sí ilé ọmọ mi ní àdúgbò Fate níbí, òórùn amọ̀ tútù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀rù bà mí, bí mo ṣe darúgbó tó yìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á.

Nígbà tí à ń wí yìí, òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to irin rélùwéè gba Ìlọrin kọjá. Bàbá Sànúsí, àbúrò bàbá wa, ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà. Tẹ̀sùbáà kan ni wọ́n mú dé, àti ìtàn tí kì í tán. Èyí tó já wa láyà jù ni ti àgbáǹréré, tí ará Jáwà kan, láti àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn, tí wọ́n jọ wọ̀ sílé kan náà ní Mẹ́kà, sọ fún wọn. Ó ní nílẹ̀ àwọn, inú igbó tó ṣú dùdù ni ẹran náà ń gbé, òun nìkan. Ó tó akọ màlúù, awọ rẹ̀ nípọn, ó ká léra, irun pupa sì hù sí i. Ìwo méjì ló wà lórí imú rẹ̀, ti ẹ̀yìn kúrú. Kì í ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú àti etí rẹ̀ ò ṣeé tàn. Inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń yí sí látàárọ̀, á sì fi ara ẹlẹ́rọ̀fọ̀ nu igi. Tó bá fẹ́ jẹun, á fi àyà tẹ igi kékeré wó kó lè jẹ ewé orí rẹ̀. A sì máa ké bí ẹni ń súfèé.

"Bàbá, ṣé ó ń jẹ èèyàn?" Èmi ni mo béèrè.

"Ewé ló ń jẹ. Àmọ́ tó o bá já lù ú lójijì, eyín ẹ̀ mú o."

Ràbí béèrè tiẹ̀: "Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Mẹ́ta mẹ́ta, ìwọ ọlọ́fìn-íntótó."

Kò pẹ́ sígbà náà, iná tí wọ́n fi ń sunkòkò jó ìyá wa lẹ́sẹ̀. Amọ̀ ilé ti tán, òjò sì ti ń ṣú. Bí omi bá kún kòtò amọ̀ ká tó kó tiwa, kò sí ìkòkò títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, ibẹ̀ la sì ti ń jẹun. Ìyá wa nawọ́ sí mi. "Ìwọ tó o dàgbà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọ kòtò, kó o yẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò kó má baà ya lù yín."

A dé ibẹ̀. Igi kékeré kan ti wó, ewé orí rẹ̀ ti tán. Ẹrọ̀fọ̀ tútù wà lára igi èmí, ó ga tó èjìká mi. Nísàlẹ̀, nǹkan kan ti yí nínú amọ̀. La bá gbọ́ súfèé nínú igbó.

Ìtọ̀ gbóná ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. "Ràbí, jẹ́ ká sá!"

"Amọ̀ ìyá wa ńkọ́?" Ó ti yọ́ wọ kòtò.

Mi ò rí i mọ́. Mi ò lè sá, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo ń ké súrà Kúlúwàláù léraléra, mo sì ń ṣì í ké.

Ohùn rẹ̀ bá jáde nísàlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá ka ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú amọ̀! Méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta! Màlúù ni!" Fúlàní darandaran kan yọ láàárín igbó, ó ń súfèé pe ẹran rẹ̀. Ràbí tún ké láti ìsàlẹ̀: "Ẹ gbé agbọ̀n yín wá, ẹ̀yin ìyàwó àgbáǹréré!"

Látọjọ́ náà, tí ẹ̀rù bá ti ń bà mí, ìgbà ìrọbí mi, ìgbà àìsàn ọkọ mi, Ràbí á wọlé, á jókòó tì mí, á ní: "Ṣé ẹ ti ka ìka ẹsẹ̀ ẹ̀?" Màá sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti kọ́lé sórí kòtò yẹn. Ike ni wọ́n fi ń pọnmi báyìí. Ṣùgbọ́n òórùn amọ̀ ò yí padà, ẹ̀rù mi náà ò yí padà. Lánàá, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún Ràbí sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Èmi ni mo dàgbà, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì la sin ín, lẹ́yìn ìrun Àílà.