Jangilọ́fà tí A Fi Àpò Obì Dán Wò

Àpò obì náà fò kúrò lórí jangilọ́fà, ó balẹ̀ sẹ́bàá kànga, ó sì tú. Obì ń yí gbirigbiri káàkiri àgbàlá. Èmi tí mo ṣe jangilọ́fà ọ̀hún ti dojú bolẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

Àlàájà Ṣìfáwù, olóbì tó ni àgbàlá náà ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, kò tilẹ̀ wo obì rẹ̀. Èmi ló ń wò.

"Wẹ́dà, ṣé bí o ṣe fẹ́ ju ọmọ-ọmọ mi nù nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Ìdí tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ fi obì dán an wò nìyẹn."

"Dìde nílẹ̀ ná. Obì kì í pa ènìyàn."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi iná jó irin mọ́ irin. Gétì àti irin ojú fèrèsé ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí ọkọ̀ tí mo wọ̀ fi dojú dé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn kan nínú wa kò délé mọ́. Èmi délé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì mi kò ká mọ́, ohunkóhun tó bá sì ń sáré ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá gun ọ̀kadà, ẹ̀bẹ̀ ni mo máa fi bá ọlọ́kadà débi tí mò ń lọ.

Kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, tí mo kọ́kọ́ ń jókòó sí lẹ́yìn ìjàǹbá náà, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, iyẹ̀pẹ̀ àdúgbò wa sì ń gbé e mì. Mo tú u, mo fi táyà ńlá sí i. Ẹnìkan rí i, ó ní kí n ṣe tòun. Bí iṣẹ́ ṣe yí padà mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ṣe kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ wà fún aránṣọ kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé bíréèkì ara kẹ̀kẹ́ mi pọ̀ ju táyà lọ. Kò parọ́.

Múínátù, ọmọ-ọmọ Àlàájà, kò fi ẹsẹ̀ rìn rí, orí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jókòó sí. Gbogbo Iléyá, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gun jangilọ́fà, òun ló ń bá wọn mú bàtà. Lọ́dún yìí, ó ní òun ò mú bàtà ẹnikẹ́ni mọ́. Àlàájà bá wá bá mi: bí Iléyá bá dé, kí ọmọ náà gun jangilọ́fà.

Mo ṣe pẹpẹ irin tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè yí gùn láìsí pé a gbé e, mo fi ṣéènì gbé e kọ́, mo sì ṣe ìkọ́ tó ń di táyà mú. Mo bẹ àwọn alábàárù tó ń ru obì fún Àlàájà pé kí wọ́n gbé àpò obì kan lé orí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì fi gbogbo agbára tì í. Wọ́n tì í lóòótọ́. Kẹ̀kẹ́ kò mì. Mo de kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n n kò de ohun tó jókòó lórí rẹ̀.

Mo lọ ra bẹ́líìtì ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù. Irú rẹ̀ ló dì mí mú tí n kò fi kú nínú ìjàǹbá náà, nítorí náà mo mọ ohun tó lè ṣe. Nígbà tí mo dè é tán, Àlàájà ní òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. "Bó bá máa ju ẹnìkan, kó ju arúgbó." Kò jù ú. Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ la fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá, Múínátù jókòó, mo dì í, mo tún un dì. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo bá fi okùn so pẹpẹ náà mọ́ òpó kó má baà lọ jìnnà. Mo rọra tì í.

"Bàbá Wẹ́dà," ni ọmọ náà wí, "ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

"Mò ń fẹ̀sọ̀ ṣe é ni, Múínátù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa ń jókòó sójú kan nínú ilé. Kì í ṣe ohun tí mo wá ṣe níbí nìyẹn."

Mo wo Àlàájà bóyá yóò gbèjà mi. Ó kàn na ọwọ́ sí okùn náà. "Tú u."

Mo tú u. Mo tì í, kì í ṣe bí ẹni tó ń ti ẹyin. Pẹpẹ náà lọ sókè, ìborùn Múínátù ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ga ju ògiri lọ.

"Mo rí páànù gbogbo Ẹ̀pẹ́!" ló ń ké. "Mo rí ewúrẹ́ lórí òrùlé ẹnìkan!"

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké pé, "Sí i! Sí i!"

Mo fi ẹsẹ̀ mi tó dára tẹlẹ̀ dáadáa, mo sì tún tì í.