Ọ̀fìnkìn Tí Mo Gbé Wọlé

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ọgbà mọ̀ pé irọ́ mi pọ̀ ju eyín ẹnu mi lọ. Èmi náà ni mo sọ pé mo sín lẹ́ẹ̀kan ní Agége tí ọkọ̀ ojú irin fi dúró, awakọ̀ rò pé fèrè ni. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ni mo ń ṣọ́. Nígbà ọyẹ́, ọ̀fìnkìn mú mi. Ìyàwó ọmọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, sì ti kìlọ̀ pé ẹni tára rẹ̀ ò bá yá kò gbọdọ̀ gbé ọmọ òun, ọmọ oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi ló sì ń rín in sí jù. Mo nu imú, mo ní, "Ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì ló kó sí mi nímú." Wọ́n gbà. Mo gbé e, mo fi imú ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, imú ọmọ dí. Á fa ọyàn lẹ́ẹ̀mejì, á já a sílẹ̀, á máa mí gúlegúle, á ké. Ìyá rẹ̀ fi ẹnu fa ikun náà, ó tu ú sínú aṣọ, ó tún fà á.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé má wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé! O ní oòrùn wà. Oòrùn dà?"

"Màámi, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo lò."

"Ọyẹ́ mọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni?"

Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Èmi elẹ́nu bí òpópónà!

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní omi iyọ̀ tí wọn á máa kán sí i nímú, ó ní bí kò bá gba ọyàn mọ́, kí wọ́n sáré padà wá. Ó tún béèrè pé ta ló ń ṣòjòjò nílé. Ìyàwó ọmọ mi dáhùn pé kò sẹ́ni kankan.

Wọ́n padà délé, wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ní, "Èmi ni. Ọ̀fìnkìn ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Ẹ fẹ́ gba ìyàwó wa sílẹ̀, àbí?"

"Mo búra."

"Ẹ ti búra nípa ọkọ̀ ojú irin náà rí."

Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀, omi lójú. "Ẹ ṣé, Bàbá mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàánú mi." Ó dìde, ó na ọmọ náà sí mi kí n gbé e.

Ọwọ́ mi ti fẹ́ gbà á. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Rárá. Má gbé e sún mọ́ mi."

Ìyàwó mi ò rí mi rí kí n kọ ọmọ. Ó wo ojú mi, ó wo imú mi, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kò bá mi jà. Ó gba aṣọ ikun lọ́wọ́ ìyàwó wa, ó ní, "Lọ jókòó, ìyá. Jẹ́ n bá ẹ fọ̀ ọ́."