Òkúta tí Mo Ń Dá Dúró

Òjò ìgbà ìwọ́wé ọdún náà kò lágbára, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Mo ń bójú tó pápá gọ́ọ̀fù kan lẹ́yìn ìlú Turin, ilẹ̀ amọ̀ sì ni ilẹ̀ ibẹ̀: omi tó bá bọ́ sórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé. Láràárọ̀, èmi àti ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin ará Romania kan, a ó fi ọ̀pá onírọ́bà ti omi kúrò níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ yí àwọn ihò ká. A ó kó ewé tó já. Kí a tó parí, omi á ti tún dúró síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò bí mi nínú. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kí òtútù ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń bí mi nínú mọ́, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ mi.

Èmi ni mo ń pinnu bóyá a ó ṣí pápá. Màá fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bí omi bá yọ yí bàtà mi ká, a ó tì í. Bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò fara mọ́ ọn rí.

"O tún tì í?" ló bi mí lẹ́nu géètì. "Kí o kúkú máa sin ẹja níbẹ̀."

"Bí ẹ bá mú àwọ̀n wá, màá ṣí i fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ mọ́tò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò dé ẹnu tèmi.

Ọmọbìnrin mi ń gbé ní Arcella, ní Padua. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pè mí. Màá sọ Yorùbá, á fi Italian dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: òkúta sàréè ìyá rẹ̀. Marmista, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta náà, ti parí tirẹ̀. Àwa ló ń dúró dè. Níhìn-ín, wọn kì í gbé òkúta lé sàréè tuntun títí ilẹ̀ yóò fi le, kó má baà rì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú.

"Ilẹ̀ ṣì rọ̀. Òkúta náà á rì."

"Papà, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ lóṣù tó kọjá."

Síbẹ̀ ó gbà mí gbọ́, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì nílé, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Èmi pàápàá gba ara mi gbọ́. Gbogbo ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ló kún fún omi. Bí mo bá lọ sí itẹ́ òkú ní Collegno lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ojú ọ̀nà ni mo ń dúró sí lábẹ́ agbòjò. N kò fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ní Sátidé kan, ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá láìsọ fún mi. A jọ lọ sídìí sàréè náà. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, Papà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

N kò lè fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi orí, mo fi gbogbo ara tì í. Omi kankan kò yọ. Mo tẹ ibi ẹsẹ̀. Bákan náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tó ti le.

Ọmọ mi ń wo ojú mi. Bí mo bá ní kò tíì le, yóò gbà.

"Ó ti le," ni mo wí. "Kí wọ́n máa gbé e bọ̀."

"Davvero?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pe marmista náà lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè fọ́tò tí yóò lẹ̀ mọ́ òkúta. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ hàn mí: ìyá rẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan, ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó mú èyí tí ìyá rẹ̀ ti wà nílé ìdáná.

"Mamma ń bínú nínú èyí."

"Èmi ló ń bá wí. Èmi ni mo ń ya fọ́tò."

Ó fi ránṣẹ́. A dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà a lọ wọ bọ́ọ̀sì.