Mandolíìnì Bàbá Mi Nínú Sípíkà

Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níléèwé ní Agbowó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ má tún lọ ṣèlérí fún ìyá yín pé ẹ máa ta mandolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ṣèlérí ọ̀hún. Ojú mi rí nǹkan.

Bàbá mi ló ni mandolíìnì náà: bíi gìtá kékeré ló rí, oníkùn roboto, okùn mẹ́jọ tí wọ́n so ní méjìméjì. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Àpáta, wọ́n á ta á títí ìyá mi á fi jí. Nígbà tí wọ́n kú, ìyá mi ní kí n máa gbé e lọ sílé tèmi, kí n má sì ta á nínú ilé Àpáta yẹn láéláé, àwọn ò ní lè gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrántí bàbá mi ń bọ̀, wọ́n ní lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kí n fi ta orin ìyìn tí bàbá mi fẹ́ràn jù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, láàárín èrò, níbi tí ọkàn àwọn á ti lè gbé e. Mo ní kò burú.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Challenge tóbi. Ìlù òyìnbó ń bẹ lápá ọ̀tún, kíbọọ̀dù lápá òsì, fáànù ń han lókè, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ìyá mi máa ń jókòó nítorí orúnkún wọn, òpó kan sì dí wọn lójú. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n gbé máìkì síwájú mandolíìnì. Ohun gbogbo ló wọ inú máìkì yẹn àfi mandolíìnì. Bí mo bá sì sún mọ́ ọn, sípíkà á figbe ta bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ibi iṣẹ́ ni mo ti wá láìjẹun, orí ń fọ́ mi, ó ku díẹ̀ kí n ju nǹkan yẹn sójú títì.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ring Road tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dìídì ṣe láti máa gba ohùn irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n dárúkọ iye ẹ̀. Mo kí wọn, mo jáde. Bí a ò bá rí àdán, a ó fòòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo gba Dùgbẹ̀ lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Ó bi mí bóyá gìtá ọmọdé ni mo gbé wá. Mo gbé e lé tábìlì ẹ̀. Ó yọ ohun pẹlẹbẹ roboto kan bí ìdérí ìgò nínú aago àtijọ́, èyí tó máa ń dún jí èèyàn, ó jó wáyà tó máa gbé ohùn lọ sínú sípíkà mọ́ ọn, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn mandolíìnì, lábẹ́ ibi tí okùn gùn lé.

Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ohùn jáde lóòótọ́, sípíkà ò sì figbe ta mọ́. Àmọ́ ohùn ọ̀hún gbẹ, ó ń dún bí ẹni ń ju òkúta lu páànù. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣàánú mi, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ẹ mọ̀ wá náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ohun tí ò bá ti ní ẹ́kò, a kì í kà á sí orin. Bí àlùfáà bá wúkọ́, ẹ́kò á gbé e dé Mọ́níyà. Ó yí bọ́tìnnì yìí, ó yí tọ̀hún, ó da ẹ́kò lé mandolíìnì lórí títí ohùn ẹ̀ fi nà gbọọrọ. Mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe ohun tí mo gbé wá nìyí. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ń dúró dè mí nílé. Mo ní ó ti tó, ṣebí wọ́n á ṣáà gbọ́ ọ.

Wọ́n sì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó dún káàkiri inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá òpó, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Gbogbo ìjọ bá mi gbé orin náà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá ìyá mi wọ takisí lọ sí Àpáta. Bí a ṣe kọjá Dùgbẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

“Ẹni tó tẹ kíbọọ̀dù yẹn ṣe dáadáa,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ, kí ló dé tó ò ta ti bàbá rẹ?”

“Màámi, òun náà ni mo ta.”

Inú ò bí wọn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

“Ohun tó ń jí mi láràárọ̀ látìgbà tí mo ti délé ọkọ, ṣé mi ò ní mọ ohùn ẹ̀ ni?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ò fúnni láyè. Bí mi ò bá ráyè kọ́ ọ, kí n kàn sọ pé ó rẹ̀ mí, kò sí ìjà níbẹ̀.

Mo ní, “Ó rẹ̀ mí, Màámi.”